Ìwé Tó Wà Nílé Baba Ẹgbẹ́

Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó ń bi bàbá rẹ̀ ní ìbéèrè tó le,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, mo tún kà á fún ìyá rẹ nígbà tí mo délé. Inú wa dùn pé oyún inú rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, àti pé ọkọ rẹ kì í jẹ́ kí o pọn omi. Bá mi kí i. Sọ fún un pé mo ní ó kú ìtọ́jú, àmọ́ kó má tìtorí pé mo yìn ín kó dáwọ́ dúró o.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun tí ẹgbẹ́ àwa Yorùbá ní Kàdúná gbé lé ọ lọ́wọ́ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní wọ́n ti tún ṣí yàrá ìkàwé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nítorí pé tíṣà ni ọ́. O ní ó ti pé oṣù méjì, ènìyàn méje péré ló wọlé, mẹ́ta nínú wọn wá sá fún oòrùn. O tún ní àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti sọ pé bí ọyẹ́ bá fi dé tí yàrá náà ṣì ṣófo, àwọn yóò kó ìwé kúrò níbẹ̀, àwọn yóò sọ ọ́ di ibi ìkó-àga sí. O wá bi mí pé kí ni kí o ṣe.

Àbẹ̀kẹ́, èmi ni olùtọ́jú àkọ́kọ́ tí yàrá yẹn ní. Ìyẹn o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ọwọ́ mi ló kú sí. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ ni pé ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn nítorí àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn ìwé. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀bi mi ni, ó sì kan ìyá rẹ. N ó sọ ọ́ fún ọ lónìí bó ṣe rí, kí o má baà rìn lójú ọ̀nà tí mo rìn. Ọ̀rọ̀ ogun àti ti ọ̀wọ́n iyọ̀ tó gbòde báyìí, àwọn ẹlòmíràn yóò kọ ọ́ sí ọ. Tèmi kò sí níbẹ̀.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Nígbà tí wọ́n fi mí jẹ olùtọ́jú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó gòkè dé Kàdúná. Sitáàṣì ọrùn ẹ̀wù mi le débi pé n kò lè yíjú wo ẹ̀gbẹ́. Mo wá àga kan tó ní apá, mo gbé e sẹ́yìn tábìlì. Mo kọ òfin mọ́kànlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ẹ dákẹ́, ẹ gbọn eruku ẹsẹ̀ yín, ẹ má gbé ọmọ wọlé, ẹ má fọwọ́ kan ìwé àfi tí olùtọ́jú bá mú un fún yín. Mo ti gbogbo ìwé mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há ìgbànú. Bí ènìyàn bá yọjú, n ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wá jalè. Kò pẹ́ tí wọn kò fi yọjú mọ́.

Aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣí i. Ta ni àkókò yẹn bá lára mu? Èmi ni. Mo ti ti ibi iṣẹ́ dé, mo ti jẹun, mo ti rẹjú díẹ̀. Àwọn ará rélùwéè ṣì wà níbi iṣẹ́, àwọn obìnrin wà nídìí ààrò, àwọn oníṣòwò ń palẹ̀ ọjà mọ́. Odidi ọdún kan, n kò bi ẹnì kankan pé ìgbà wo ni ọwọ́ rẹ máa ń dilẹ̀. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi tí n kò béèrè, orí ìjókòó ni mo ti ṣìnà.

Nítorí náà, ọmọ mi, dìde lórí àga yẹn. Lọ sí ìdí kànga, lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbàfọ̀ létí odò, lọ sí Kákúrì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ojú irin ṣe, kí o bi wọ́n ní àkókò tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Má sì bi wọ́n pé ìwé wo ni wọ́n fẹ́ kà. Ẹni tí kò mọ ìwé kankan, báwo ni yóò ṣe dárúkọ ìwé fún ọ? Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni kí o béèrè. Alágbàfọ̀ lè ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń bọ́ ìpẹtà kúrò lára aṣọ. Ìyá ọlọ́mọ lè ní òun fẹ́ mọ ìdí tí inú fi ń run ọmọ òun lásìkò mángòrò. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ kùtù ni ọwọ́ wọn ń dilẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ kùtù. Bí wọn kò bá sì lè wá, kó ìwé sínú apẹ̀rẹ̀ kí o gbé e lọ bá wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé tíṣà kì í ru apẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nísinsìnyí tí o wúwo, jẹ́ kí ọkọ rẹ bá ọ rù ú. Iṣẹ́ kò ní pa á.

Èkejì. Àfáà kan wà nígbà náà, ará Ìlọrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Túdùn Wádà. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú àpò awọ ewúrẹ́ léjìká. Ó kí mi dáadáa, ó yọ ìwé kan jáde tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi kọ ọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Haúsá ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ni: ẹni tó gbẹ́ kànga àkọ́kọ́, ibi tí odò máa ń kún dé, ilẹ̀ tí kò ṣeé kọ́lé sí. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí ikán má baà jẹ ẹ́.

Mo dá a lóhùn pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé nìkan ni a ń gbà. Ó ní "Tò." Ó rọra dá ìwé rẹ̀ padà sínú àpò, ó ní "Sai an jima," pé ó dìgbà kan ná, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, odò kún, ó wó ilé àwọn kan tí wọ́n kọ́ ọ súnmọ́ etí omi. N kò lè búra pé ìwé àfáà ìbá gbà wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, ìwé náà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni mo dá a padà.

Torí náà, ya pákó kan sọ́tọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ohun tí àwọn ará ìlú fọwọ́ ara wọn kọ. Gba ti Lárúbáwá, gba ti Haúsá. O ní àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n Haúsá ni wọ́n fi ń dáhùn. Haba, má bá wọn jà sí i. Wá ìwé Haúsá fún wọn, wọn yóò ti ibẹ̀ rí ọ̀nà dé ìdí ti Yorùbá. Lẹ́yìn náà, ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan, gbé e sórí tábìlì, kí ẹni tó bá mọ ohun kan kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó máa sọ ọ́, kí o máa bá a kọ. Ọkùnrin tó ń gbin àlùbọ́sà létí odò ní Kábàlà Dòkí mọ ohun tí ìwé kankan kò tíì sọ. Bí ohun tó mọ̀ bá ti wà nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ jà bí wọ́n bá gbé àga dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Mo ti fi gègé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè kọ ọ́.

Alága ẹgbẹ́ wa nígbà náà, Baba Ẹgbẹ́ la máa ń pè é. Ọ̀gá káfíńtà ni, àgbàlagbà tó sanra, tó lawọ́. Òun ló ṣe kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ǹṣì, kò gba nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí a ṣí yàrá náà, ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ìwé mẹ́rin tí èèpo wọn dára jù, ó ní òun fẹ́ kó wọn lọ sílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, sà. N kò kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ. Báwo ni ọmọdé ṣe ń kọ ọjọ́ ìdápadà fún àgbà? Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́fà kọjá. Bí mo bá lọ kí i, n ó rí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí tábìlì nínú pálọ̀, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò wọ́n. N ó kí i, n ó gba obì, n ó padà sílé. Gbogbo wa la mọ̀ pé Baba kò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́. Lójú tèmi, bí ènìyàn bá béèrè àwọn ìwé náà, àfi bí ẹni pé ó bọ́ aṣọ lára àgbà láwùjọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ìwé mẹ́rin yẹn sọ nípa ìtọ́jú aláboyún àti ọmọ tuntun. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, n kò sì mọ ibòmíràn tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní gbogbo Kàdúná.

Ìyá rẹ ti wà nílé mi nígbà yẹn, kò tíì bí ẹ̀gbọ́n rẹ Délé. Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ń wá obìnrin mẹ́ta tó lè ka Yorùbá, òun fẹ́ kọ́ wọn ní iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò ka ìwé kékeré yẹn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òun yóò bi í ní ìbéèrè nínú rẹ̀. Ìyá rẹ ti kọ́ ìwé kíkà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Àbẹ̀kẹ́, ó yẹ kí o rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Iyán tó ń gún lọ́wọ́ ló fi sílẹ̀, ó wá bá mi ní yàrá ìkàwé. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, nítorí ó ti mọ òfin mi, ó ní kí n bá òun mú ìwé aláboyún. Mo ní ó wà lọ́wọ́ Baba Ẹgbẹ́. Ó ní ṣé n ó bá òun gbà á. Mo ní n ó gbà á.

Mo lọ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Nígbà àkọ́kọ́, Baba ní àlejò. Nígbà kejì, ó ń sọ bí wọ́n ṣe kọ́ afárá ojú irin tó wà lórí odò, n kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Nígbà kẹta, mo ti la ẹnu tán, ló bá ní inú òun ń dùn sí mi, pé àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kì í wá kí àgbà bíi tèmi. Mo pa ẹnu mi dé. Bí ìyá rẹ bá bi mí, n ó ní ó di ọ̀la. Nígbà tó rí i pé ọ̀la kò dé, ó ní òun yóò lọ fúnra òun. Mo bínú sí i. Mo ní kò gbọdọ̀ dójú tì mí, kí wọ́n má lọ máa sọ pé aya Akọ̀wé lọ ń fi ìwé wọ́ àgbà nílẹ̀. Ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Nọ́ọ̀sì bi í ní ìbéèrè, kò rí ju méjì lọ dáhùn nínú wọn. Wọ́n mú àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n ti rí ìwé yẹn kà ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó kó wá.

Nígbà tó dé, mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí nǹkan. Ó lọ dáná. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò fi bú mi rí. Ìyá rẹ tí o mọ̀ yìí, tó jẹ́ pé bí mo bá da omi sílẹ̀ ní pálọ̀ àdúgbò á gbọ́, kò fi èyí bú mi rí. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn.

Nígbà tí ọdún yí po, ẹgbẹ́ ní yàrá náà kò lérò, ká tì í. Wọ́n rán mi pé kí n kó gbogbo ìwé jọ. Bó ti jẹ́ pé wọ́n rán mi ni, àyà mi wá le. Mo bá Baba lábẹ́ igi mángòrò, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá. Ó fi etí agbádá rẹ̀ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wò mí lójú.

"Akọ̀wé," ó ní, "gbogbo ìgbà tí o ń wá síbí, mo rò pé o máa sọ pé, Baba, ẹ jẹ́ kí n kà díẹ̀ sí yín létí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kó wọn wálé. O kò sọ ọ́ rí. Èmi náà, ojú ń tì mí láti bẹ̀ ọ́."

Ìwé aláboyún ló wà lókè, mo ṣí i, mo ka ojú ewé méjì fún un lábẹ́ igi níbẹ̀. Ó gbé orí sọ́wọ́, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó àkọ́fẹ́ òun kú sí. Ojú ń ti òun, ojú ń ti èmi, ìyá rẹ ló sì jìyà ìtìjú àwa méjèèjì.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé, ìbáà jẹ́ alága, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìdápadà lójú rẹ̀, kí o máa rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń kọ ọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò rí i, má kọ lẹ́tà sí i. Lọ sílé rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i, kí o ní ṣé kí o ka díẹ̀ sí i létí nínú ìwé náà. Ẹni tó mọ̀wé yóò rántí, yóò dá a padà. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò ní kí o jókòó. Ọ̀wọ̀ tí a fi ń sá fún àgbà kò ṣe àgbà lóore kan.

Tún yan ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ tí ìwọ tàbí ẹlòmíràn yóò máa kàwé sókè lábẹ́ igi, kí gbogbo èrò máa gbọ́. Àwọn àgbà tó fẹ́ kó àga síbẹ̀ yìí, mélòó nínú wọn ló mọ̀wé? Bi ara rẹ. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ràn yàrá tó ń dójú tì í. Yá àga méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ wọn fún ọ̀sán yẹn, kí o gbé e síwájú, kí wọ́n jókòó sórí rẹ̀, kí o kàwé fún wọn. Mi ò rò pé wọn yóò tún rántí pé àwọn ń wá ibi tí àwọn yóò kó àga sí.

Ti àwọn obìnrin kò gùn. Tẹ́ ẹní sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n pọn ọmọ wọlé. Bí ọmọ bá ń ké, ṣé ìwé ló máa sá lọ ni?

Mo ti fẹ́ parí. Nígbà tí mo ń ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oyún rẹ ni yóò kọ́kọ́ bi mí. Ó ní, "Ṣé ìwé yẹn ṣì wà níbẹ̀?" Ó ti lé ní ogún ọdún, ọmọ mi. N kò bi í pé ìwé wo.

Oṣù tó ń bọ̀, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá ọ, kó lè wà lọ́dọ̀ rẹ nígbà tí o bá fẹ́ bímọ. Mo bẹ̀ ọ́, tú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wò kó tó dé. Bí o bá rí ìwé náà, má gbé e wá sílé fún un, má sì fi ta á lọ́rẹ. Jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí yàrá náà, kó wọlé, kó jókòó. Ṣí ìwé orúkọ, kí o bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í bi ìyá rẹ̀ lórúkọ, ojú yóò sì tì ọ́. Bi í. Má kọ Ìyá Délé, má kọ aya Akọ̀wé. Dúró kó dá orúkọ ara rẹ̀ pè, kí o kọ ọ́ bó ṣe pè é, kí o kọ ọjọ́ ìdápadà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí o ṣe ń kọ ti gbogbo ènìyàn.

Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kó sì jẹ́ kí èrò kún yàrá rẹ kí ọyẹ́ tó dé.

Èmi bàbá rẹ ni mo kọ ọ́. Bí àwọn ìlà tó gbẹ̀yìn bá wọ́, má bínú. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ìyá rẹ ti ń yá jígí ojú mi, ó ń fi kọ́ ojú rẹ̀ ní ìwé kíkà padà. Mo ti ní kó mú un dání wá sí Kàdúná.